Agra Nígbà Tí Ooru Bá Lé Àwọn Àlejò Lọ

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa ni ó ń gbé aláìsàn lọ sí Delhi ní ilẹ̀ Íńdíà fún ìtọ́jú, ìbéèrè kan náà ni àwọn tí ó ń tẹ̀lé aláìsàn lọ sì máa ń bi wá: bí a bá rí ọjọ́ méjì tí ọwọ́ wa dilẹ̀, ǹjẹ́ kí á dé Agra lọ wo Taj Mahal, bí ó bá jẹ́ pé oṣù May tàbí oṣù June ni ìrìn-àjò wa bọ́ sí?

Gbólóhùn kan ni àwọn ìwé amọ̀nà fi ń dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóhùn: má ṣe lọ, ooru ti pọ̀ jù. Láti October títí dé March ni wọ́n ní ó dára. Ìmọ̀ràn náà kò burú fún ẹni tí ó lè mú ìgbà tí ó wù ú, ṣùgbọ́n àìsàn kì í bèèrè oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó dé, kò sì sí oníṣègùn tí yóò sún ọjọ́ iṣẹ́ abẹ síwájú nítorí Taj Mahal. Àwọn tí ń lọ ní December àti January pàápàá kì í fi gbogbo ìgbà jèrè. Kùrukùru a máa bo agbègbè náà ní òwúrọ̀ nígbà òtútù, débi pé ènìyàn lè dúró ní iwájú Taj Mahal kí ó má rí ju funfun lásán lọ títí oòrùn yóò fi ga.

Èmi ti dé ibẹ̀ ní ìparí oṣù May. Ẹ̀gbọ́n mi kan ni mo bá lọ sí Delhi fún iṣẹ́ abẹ ojú. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Agra, mo sì lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀. Èrò tèmi ni pé ẹni tí ara rẹ̀ bá le, tí ó sì ń gbọ́ ìmọ̀ràn, lè lọ, àti pé yóò rí ohun kan tí àwọn tí ń lọ nígbà òtútù kì í rí. Ooru ni ó kọ́ Agra. Ẹni tí kò bá tíì mọ irú ooru tí àwọn ọba ìgbàanì ń bá jà níbẹ̀, ògiri àti ọgbà ni yóò kàn máa wò, kò ní mọ ìdí tí wọ́n fi kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ṣe sọ pé ọmọ ilẹ̀ olóoru ni yín, pé kò sí ooru tí ẹ kò tíì rí. Ooru tiwa ní Èkó àti Ìbàdàn, ooru olómi ni. A ń làágùn, aṣọ ń lẹ̀ mọ́ wa lára, a sì mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ wá. Ooru Agra ní May, ooru gbígbẹ ni. Ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ó máa ń kọjá 40 lórí ẹ̀rọ ìwọ̀n Celsius, ọjọ́ mìíràn a sì dé 45 tàbí kí ó lé. Láti ìhà ìwọ̀-oòrùn, láti aṣálẹ̀ ilẹ̀ Rajasthan, ni afẹ́fẹ́ kan ti ń fẹ́ wá ní ọ̀sán tí wọ́n ń pè ní loo. Bí ó bá fẹ́ sí ọ lójú, ṣe ni ó dà bí ìgbà tí alábúrẹ́dì ṣí ilẹ̀kùn ààrò rẹ̀. Òógùn tí o ń là, afẹ́fẹ́ yìí ti gbé e lọ kí o tó mọ̀ pé o làágùn. Ara rẹ gbẹ, o rò pé kò sí ewu, bẹ́ẹ̀ ni omi inú ara rẹ ń tán lọ. Ibi tí ó ti ń mú àlejò nìyẹn.

Kì í ṣe àlejò òde òní nìkan ni ó mú rí. Babur, ọba tí ó fi ìdí ìjọba àwọn Mughal múlẹ̀, láti Kabul ni ó ti wá. Ó ṣẹ́gun ní Panipat ní April 1526, ó sì wọ Agra ní May, nígbà tí ooru le jù lọ. Ó kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ sílẹ̀, ohun tí ó sì sọ nípa ọdún náà kò dùn-ún gbọ́. Àwọn ọmọ ogun tí idà kò pa lójú ìjà ń ṣubú lulẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ gbígbóná, wọ́n sì ń kú. Àwọn ìjòyè rẹ̀ fárí gá pé ilé ni àwọn ń lọ. Ọ̀kan tí ó sún mọ́ ọn gidigidi, Khwaja Kalan, lọ ní tòótọ́, ó sì kọ ewì ẹ̀gàn nípa ilẹ̀ Íńdíà sára ògiri ilé kan kí ó tó lọ. Babur fúnra rẹ̀ ka ohun tí kò rí níbẹ̀: kò sí àjàrà dáradára, kò sí omi dídì, kò sí omi tútù, kò sí ilé ìwẹ̀. Ó ní ohun mẹ́ta ni ó ń yọ àwọn lẹ́nu, ooru, ìjì àti eruku.

Ṣùgbọ́n kò sá. Ó sọdá sí òdìkejì odò Yamuna, ó gbẹ́ kànga ńlá, ó kọ́ ilé ìwẹ̀, ó sì la ọgbà sílẹ̀ ní ìlà gbọọrọ, tí omi ń ṣàn láàárín rẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé inú ilé ìwẹ̀ yìí ni òun ti bọ́ lọ́wọ́ ooru, ìjì àti eruku lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé ọ̀nà yìí. Nígbà tí yóò fi di ayé Shah Jahan, tí í ṣe ọba karùn-ún nínú ìran náà, ọgbà tí ó wà ní etí odò méjèèjì ti lé ní 40. Taj Mahal tí gbogbo ayé ń ròyìn, ọ̀kan nínú àwọn ọgbà etí odò wọ̀nyí ni.

Nítorí náà, aago ará ìlú ni kí ẹ tẹ̀lé. Ní ìparí May, oòrùn ń yọ ní nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀, wọ́n sì ń ṣí ẹnu ọ̀nà Taj Mahal ní ìdajì wákàtí ṣáájú èyí. Ẹni tí ó bá kí ìrun àsùbáà tán, kí ó má ṣe padà sùn, kí ó mú ọ̀nà pọ̀n. Kò sí èrò ní àkókò yẹn bí ti December. Ibi ìjókòó mábù tí ó wà láàárín ọgbà, níbi tí àwọn ènìyàn ti máa ń tò láti ya fọ́tò, mo jókòó níbẹ̀ pẹ́ títí tí ẹnikẹ́ni kò sọ pé kí n dìde.

Ẹ ti mọ ìtàn Mumtaz Mahal, aya Shah Jahan, tí ó kú ní Burhanpur ní 1631 nígbà tí ó ń bí ọmọ kẹrìnlá, n kò ní fa ìyẹn gùn. Ní 1632 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì parí ní nǹkan bí 1653. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni òkúta. Funfun ni ti sàréè náà, mábù tí wọ́n kó wá láti Makrana ní Rajasthan. Pupa ni ti mọ́sáláásí tí ó wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ àti ti ilé kejì tí ó wà ní ìlà-oòrùn. (Ilé kejì yìí kò ní mihráàbù. Wọ́n kọ́ ọ kí ìhà méjèèjì lè bá ara wọn dọ́gba ni.) Nígbà tí ó di aago mẹ́sàn-án, mo fi ọwọ́ kan mábù funfun, ó ṣeé fara dà, nítorí ó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Mo fi ọwọ́ kan òkúta pupa tí oòrùn ti ń pa, mo tètè fà á padà. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tí mábù ń dá padà yìí, ojú ni ó ń gbà á. Ẹ mú awò dúdú lọ́wọ́, pàápàá ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá le.

Ẹni tí ó bá mọ èdè Lárúbáwá kà yóò tún jèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Amanat Khan, ọmọ Shiraz ní ilẹ̀ Páṣíà, ni ó kọ àwọn súrà Àlùkùráánì tí wọ́n fi òkúta dúdú tẹ́ sínú mábù. Súrà Al-Fajr wà lára ẹnu ọ̀nà ńlá tí a ń gbà wọ inú ọgbà. Bí ìkọ̀wé náà ti ń gòkè ni ó ń tóbi sí i, kí ẹni tí ó dúró nísàlẹ̀ lè rí gbogbo rẹ̀ bákan náà. Nínú ilé náà, ibojì méjì tí ẹ ó rí kì í ṣe ibojì gan-an. Ìsàlẹ̀ ni àwọn òkú wà. Ti Mumtaz ni ó bọ́ sí àárín gbùngbùn, ti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n fi kún un lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Bí aago mẹ́wàá bá ti lù, ẹ wá ibi sá sí títí di aago mẹ́rin ààbọ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀lẹ. Gbogbo ẹni tí ó bá ní òrùlé ní Agra ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ọba wọn náà sì ṣe bẹ́ẹ̀. Abu'l-Fazl, akọ̀wé Akbar, kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ti ń fi iyọ̀ tí a fi ń ṣe ẹ̀tù ìbọn mú omi ọba tutù, àti bí wọ́n ti ń fi gbòǹgbò koríko olóòórùn dídùn kan tí à ń pè ní khas hun ẹní sí ojú fèrèsé, tí wọ́n ń bu omi sí i. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó bá gba inú ẹní tútù yìí kọjá a di afẹ́fẹ́ tútù, nítorí omi tí ń gbẹ a máa gbé ooru lọ. Amù tí ìyá wa àgbà ń pọn omi sí ní kọ̀rọ̀ yàrá kò ṣe ju èyí lọ. Títí di òní, àpótí irin tí ó ní fáànù nínú, tí omi ń ṣàn sára koríko rẹ̀, ni ó ń mú yàrá àwọn òtẹ́ẹ̀lì kékeré tutù. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní May nítorí afẹ́fẹ́ gbẹ. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní July, kò wúlò mọ́. Ẹni tí ó bá lọ nígbà náà, kí ó bèèrè yàrá tí ó ní ẹ̀rọ amúlétutù gidi. Owó yàrá a máa wálẹ̀ gan-an ní àwọn oṣù wọ̀nyí, ẹ má ṣe tijú láti ná an.

Ní ọ̀sán wọ̀nyí ni àwọn amọ̀nà tí kò rí iṣẹ́ ṣe yóò jókòó tì yín ní ibòji láti pa ìtàn. Wọn yóò sọ pé Shah Jahan gé ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n má baà kọ́ irú rẹ̀ mọ́. Ẹ má ṣe gbé ọ̀rọ̀ yìí wálé. Ẹni tí wọ́n ń pè ní olórí àwọn ayàwòrán ilé náà, Ustad Ahmad ti Lahore, wà lára àwọn tí ó ṣe ààfin odi pupa ti Delhi, èyí tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1639. Ẹni tí a gé lọ́wọ́ kò lè ṣe ìyẹn.

Àwọn tí wọn kò ní òrùlé ńkọ́? Àwọn awakọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, alágbàṣe, àwọn tí ń ta omi lójú títì: inú loo ni wọ́n wà láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Wọ́n ń fi aṣọ òwú wé orí, wọ́n ń wé e bo etí àti imú. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹ ó rí ìkòkò amọ̀ tí àwọn olóore gbé kalẹ̀, tí ẹnikẹ́ni lè mu omi rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Sàárà tí ó dára ni, ṣùgbọ́n ikùn àlejò kò mọ omi náà, kí ẹ ra omi inú ìgò tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí. Inú tí ó bá bàjẹ́ nínú ooru yìí a máa sọ ènìyàn di aláìlágbára láàárín wákàtí díẹ̀. Ohun mímu ará ìlú tí ó ń ṣara lóore ni wàrà kíkan tí wọ́n fi omi àti iyọ̀ pò, àti omi máńgòrò àìpọ́n tí wọ́n sè, tí wọ́n fi iyọ̀ àti ṣúgà sí. Omi nìkan láìsí iyọ̀ kò tó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ojú abẹ níkòó. Kí ẹ má ṣe gbé ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lọ, tàbí aboyún, tàbí arúgbó, tàbí aláìsàn tí ẹ torí rẹ̀ wá sí Delhi, bí ó ti wù kí ó bẹ̀ yín tó. Ẹni tí ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ń mú ni tọ̀, kí ó bi dókítà rẹ̀ kí ó tó lọ. Ní Ahmedabad, ìlú ńlá mìíràn ní Íńdíà, ooru May 2010 pa ènìyàn 1,344 kún iye àwọn tí ó máa ń kú ní irú oṣù bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni ó mú kí ìlú náà ṣe ètò ìkìlọ̀ ooru ní 2013. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni ó máa ń kọ́kọ́ wá. Bí ẹnìkejì rẹ bá wá ń sọ ìsọkúsọ, tí ara rẹ̀ gbóná janjan, má ṣe dúró wo bí yóò ti rí. Gbé e sí ibòji, tú aṣọ rẹ̀, da omi sí i lára láti orí dé ẹsẹ̀, fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, kí ẹlòmíràn sì ti máa wá ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Bí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, má ṣe fi omi sí i lẹ́nu.

Bí ojú ọ̀run bá ṣàdédé pọ́n tí ó sì ṣú ní ìrọ̀lẹ́, ìjì eléruku ni ó ń bọ̀. Ẹ kúrò lábẹ́ igi àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ẹlẹgẹ́. Ní May 2018, irú ìjì bẹ́ẹ̀ pa ènìyàn tí ó lé ní 40 ní agbègbè Agra ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ní oṣù tí ó ṣáájú rẹ̀, ìjì ti wó òpó kan lulẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà Taj Mahal.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ sí Odi Agra, tí Akbar fi òkúta pupa tún kọ́ láti 1565. Lọ́dọ̀ tèmi, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ooru ti hàn jù, ju Taj Mahal lọ. Ẹ wo yàrá ọba tí wọ́n ń pè ní Khas Mahal: ó kọjú sí odò kí afẹ́fẹ́ orí omi lè wọlé, omi ń ṣàn nínú ilẹ̀ rẹ̀ nígbà náà, òrùlé rẹ̀ sì ní ihò nínú kí ooru òkè má baà dé ìsàlẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni yàrá inú ilẹ̀ wà tí ìdílé ọba máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí ní ọ̀sán gangan. Nítòsí rẹ̀ ni ilé olórígun mẹ́jọ wà tí a ti ń rí Taj Mahal lókèèrè. Inú odi yìí ni Aurangzeb ti bàbá rẹ̀ Shah Jahan mọ́ ní 1658. Jahanara, ọmọbìnrin rẹ̀, ni ó dúró tì í títí ó fi kú ní January 1666. Ooru méje gbáko ni bàbá arúgbó náà rí níbẹ̀. Nígbà tí mo dúró ní ibẹ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ń bọ̀ láti ojú odò, ṣùgbọ́n odò náà ti fà sẹ́yìn, omi rẹ̀ kò sì mọ́. Kòkòrò kéékèèké tí ń pọ̀ nínú omi ìdọ̀tí yìí nígbà ooru ti fi àwọ̀ ewé kun ara mábù Taj Mahal rí, ìyẹn kò sì yẹ odò tí àwọn ọba tìtorí rẹ̀ kọ́lé.

Fatehpur Sikri, ìlú tí Akbar bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní 1571 tí ó sì fi sílẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá, kò ju ìrìn wákàtí kan lọ láti Agra. Òwúrọ̀ kùtùkùtù nìkan ni kí ẹ lọ. Àgbàlá mọ́sáláásí rẹ̀ gbòòrò, òkúta pupa ni gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, bàtà kò sì gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ nínípọn lọ. Sàréè Salim Chishti, àgbà onísìn tí Akbar tìtorí rẹ̀ tẹ ìlú náà dó, wà láàárín àgbàlá náà. Mábù funfun ni, wọ́n sì gbẹ́ fèrèsé olójú wẹ́wẹ́ yí i ká. Bí ẹ bá ti orí òkúta pupa bọ́ sí ìdí rẹ̀, ara yín yóò mọ ìyàtọ̀ kí ojú yín tó rí i.

Ẹni tí oṣù bá ràn sí ọjọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ yóò dùn jù. Wọ́n ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn díẹ̀ wo Taj Mahal lóru fún ìdajì wákàtí, ní òru tí òṣùpá bá kún, àti ní òru méjì ṣáájú àti òru méjì lẹ́yìn rẹ̀. Wọn kì í ṣe é ní òru Jímọ̀ tàbí nínú oṣù Ramadan. Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣáájú ọjọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Wọn kì í ṣí Taj Mahal fún àlejò lọ́jọ́ náà. Ìrun Jímọ̀ ni wọ́n ń kí ní mọ́sáláásí rẹ̀, àwọn Mùsùlùmí ìlú Agra nìkan ni wọ́n sì ń jẹ́ kí ó wọlé, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Íńdíà sì fi ọwọ́ sí èyí ní 2018. Ọkọ̀ ojú irin ayára tí wọ́n ń pè ní Gatimaan, tí ó ń ti Delhi dé Agra ní nǹkan bí wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú, kì í rìn lọ́jọ́ Jímọ̀ bákan náà. Owó tí àlejò ilẹ̀ òkèèrè ń san ní ẹnu ọ̀nà ju ti ọmọ ìlú lọ lọ́pọ̀ ìlọ́po, ẹ má ṣe torí rẹ̀ bá wọn jà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 kì í san. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ yín ńkọ́? Láìsí i, wọ́n lè dá ẹni tí ó ti Nàìjíríà wá dúró sí ibi àyẹ̀wò fún ọjọ́ mẹ́fà kí ó tó wọ Íńdíà, abẹ́rẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́wàá lára.

Àwọn tí ń lọ ní December kì í jẹ máńgòrò. May àti June ni àkókò rẹ̀, ọmọlanke kún fún un ní gbogbo ìkóríta, oríṣi kan wà tí wọ́n ń pè ní Langra tí awọ rẹ̀ ń tutù bí ewé síbẹ̀ tí inú rẹ̀ ti dùn. Ẹ rà á ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti Odi dé, kí ẹ kó o sínú garawa omi fún wákàtí kan, kí ẹ sì fi omi mímọ́ ṣàn án kí ẹ tó bó o.